Obì Tí Mo Fún Àbúrò Mi Láàárọ̀ Ọjọ́ Àyẹ̀wò

Àbúrò mi ń roko ní Ajílété, ó gbà pé ọkàn òun le koko. Irọ́ ni, èmi ni mo sì pa á.

Ojú títì ni mo dàgbà sí. Mo ti bá ọkọ̀ ìrẹsì gba gbogbo ọ̀nà bọ́dà láti Ìhunbọ̀ dé Kùtọnu, obì ló ń lé oorun lójú mi. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àbúrò mi, dókítà ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó ní kámẹ́rà tó ń ya bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ inú ọkàn. Ó pẹ́ ká tó rí àyè. Ilé ìwòsàn náà kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé àbúrò mi kò gbọ́dọ̀ mu tíì tàbí kọfí, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ obì, láti ọjọ́ tó ṣáájú. Mo fi rẹ́rìn-ín. Kí ló kan kámẹ́rà kan obì? Bá a ṣe ń lọ nínú mọ́tò, mo fún un ní awẹ́ obì kó fi lé oorun. Ó gbà á, torí ẹ̀gbọ́n ló fún un.

Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó jẹ obì. Àbúrò mi wo ojú mi. Kó tó lanu, mo ti dáhùn: "Obì kẹ̀? Kò fẹnu kàn án." Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á dá wa padà. Mo sì mọ̀ pé kò ní já mi nírọ́ níwájú àlejò.

Wọ́n gún un ní oògùn tó ń ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn bí ìgbà téèyàn ń sáré, wọ́n tún gún un ní èyí tí kámẹ́rà ń rí. Ó jókòó sórí àga bíi ti onígbàjámọ̀, kò pẹ́ tó fi parí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ náà ń yangàn. Ó ní lábẹ́ ti àtijọ́, èèyàn á dùbúlẹ̀ pẹ̀lú apá lókè orí títí apá á fi kú, oògùn rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí lọ. Nígbà tí àbúrò mi lọ wọṣọ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣùgbọ́n obì ṣì lè tan èyí náà jẹ, Bàbá. Kì í jẹ́ kí oògùn àkọ́kọ́ yẹn ṣiṣẹ́, àwòrán ọkàn tó ń ṣàìsàn á wá mọ́ bíi ti ọmọdé." Mo gbọ́. Mo lọ bá àbúrò mi, mo ní ká máa lọ.

Àwòrán mọ́ lóòótọ́. Àbúrò mi padà sídìí ọkọ́.

Láàárọ̀ yìí ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n tí kì í gbélé, àyà yìí tún ń fún mi o. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ti ní kò sí nǹkan, àbí?" Mo ní kó ju ọkọ́ sílẹ̀, kó jókòó dè mí, a ń padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo pa fóònù.

Mo ti wà nínú mọ́tò ní gáréèjì Ìlaròó báyìí, ó ku èrò kan kó kún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ, nígbà tó bá rí mi tó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi?