Ìwé Ẹ̀rí Iná Ló Mú Mi Ṣí Yàrá Bàbá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ bá mi ro ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, kì í gbé fóònù mi mọ́. Ó ti kúrò lórí wásáàpù ẹbí nítorí mi. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kí gbogbo ẹni tó wà lórí àga wa, yóò sì fò mí dá bí ẹni ń fo gọ́tà. Wọ́n ń sọ kiri pé mo fẹ́ pín ogún. Ogún wo? Wáyà ni mo wá lọ síbẹ̀.

Ilé bàbá wa ní Kemta lọ̀rọ̀ wà. Èmi ni mò ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́lé tirẹ̀ sí Ìbarà. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni yàrá wọn ti wà ní títì, tòun ti bẹ́ẹ̀dì àti agbádá wọn lára ìṣó, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: ọmọ tó bá ṣí yàrá bàbá láìpe ẹbí, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti wọ ogún. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí òun? Àmọ́ inú yàrá yẹn gan-an ni àpótí fíúsì wà, èyí tí iná gbogbo ilé ń gbà kọjá. Bí iná bá kú, ẹ̀gbọ́n mi á wá láti Ìbarà, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, iná á sì dé. A á máa yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ dára síná. Èmi náà yìn ín, mi ò ní purọ́.

Yàrá méjì tó kan ti Bàbá ni mo fẹ́ fi háyà. Aránṣọ kan tó ní ọmọ méjì wá wò ó, ó wù ú, ló bá ní, "Mọ́mì, ìwé ẹ̀rí iná ilé yìí ńkọ́?" Mo ní, "Ṣé iná náà ń ṣèrìbọmi ni, tó fi ń gba ìwé ẹ̀rí?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí ohùn pa dà: ilé tí òun ń kó kúrò, iná gbé ọmọ òun lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, díẹ̀ ló kù. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n simi. Ìwé tí wọ́n kọ́ mi kò tó nǹkan, èmi ni mo kọ́ ara mi ní ìyókù, ohun tí mi ò bá sì mọ̀ máa ń yún mi lára. Kí ni wọ́n ń kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ta ló lè jẹ́rìí sí wáyà tó wà nínú ògiri?

Mo wá ẹnjiníà kan tó ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Ó de táì wá, kò sì fẹ́ ìbéèrè. Mo tẹ̀ lé e láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ni ẹ̀rọ ọwọ́ yín ń wí? Kí ni wáyà yẹn ń wá lọ sínú ilẹ̀? Ó mí kanlẹ̀. "Mà, bí iná bá ṣáko, ọ̀nà ilẹ̀ ló yẹ kó gbà, kó má gba ara yín." Mo ní, "Ó yé mi. Kí ló dé tí ìwé yín fi ní ọjọ́ tó ń tán? Ìwé ìrìbọmi tèmi kò tíì tán." Ó ní, "Ohun tí mo rí lónìí ni mò ń jẹ́rìí sí, mà. Bí ẹ bá so fírísà mẹ́ta mọ́ ọn lọ́la, ẹ ti kúrò nínú ẹ̀rí mi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa dà wá yẹ ilé wò." Bó ṣe dé iwájú yàrá Bàbá, ó ní, "Ẹ ṣí ibí."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹnjiníà fẹ́ wo àpótí fíúsì."

"Ẹnjiníà àbí lọ́yà?"

"Iná ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó pẹ́ tí o ti ń wo yàrá yẹn. Kó kọ ọ́ síwèé pé òun ò débẹ̀." Ó sì pa fóònù.

Mo bi ẹnjiníà bóyá ìyẹn ṣeé ṣe. Ó ní ó ṣeé ṣe, àyè wà nínú ìwé náà fún ibi tí òun kò bá rí. Mo wá rò ó. Ìwé tó mọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí kò mọ ibi tí iná gbà wọlé! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ògiri yàrá Bàbá sì ni àwọn ọmọ aránṣọ yẹn máa kọrí sí sùn. Mo ní kó yá mi ní síkúrúdiráfà. Ó ní, "Mà, èmi ò sí níbẹ̀ o." Mo ní kó kọjú síta nígbà náà. Mo tú irin tí àgádágodo há mọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Òórùn jíjóná ló pàdé wa. Agbádá tó wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ti jó dúdú ní èjìká. Nínú àpótí, kò sí fíúsì kankan, wáyà tó nípọn ni wọ́n ká síbẹ̀. Ẹnjiníà ní bí iná bá pọ̀ jù, fíúsì ló yẹ kó já. Wáyà yẹn kò ní já, ilé ni yóò jó. Ọwọ́ tó dára síná tí à ń yìn nìyẹn! Ṣé ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tó ń ṣe, àbí kò mọ̀? Mo ṣì ń bi ara mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo fi àgádágodo tuntun sí ilẹ̀kùn náà, ẹnjiníà fọwọ́ síwèé, aránṣọ kó wọlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo na agbádá tó jó sí i. Kò wò ó. "Ta ló ṣí ilẹ̀kùn?" ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn fìlà Bàbá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ilé, bí wọ́n bá fún yín ní ìwé ẹ̀rí, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò rí sí. Ní tèmi, ẹbí ti jókòó. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n mi, kí n sì fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tuntun lé e lọ́wọ́. Ìkúnlẹ̀ kò ṣòro fún mi, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń pọ̀n mí sẹ́yìn nígbà tí mo wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n bí iná bá tún kú, tó tún wọ yàrá yẹn lóun nìkan, kí ló máa ká síbẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ẹni tó kúnlẹ̀ lè sọ pé òun ò ní fún wọn ní kọ́kọ́rọ́?