Pẹ́ẹ̀gì Pupa Tó Wà Láyà Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi wà ní yàrá kejì, wọ́n ń wúkọ́. Títí di òní, tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn á sáré fọwọ́ bo ojú òsì wọn, ojú tó ti fọ́, àfi bíi pé mo tún fẹ́ ju nǹkan lù wọ́n. Kò sí ohun tó ń dùn mí tó ìyẹn láyé yìí. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Abuja níbí mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Tí wọ́n bá rẹ́ mi jẹ níbi iṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì ló máa gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì, ó sì há sí mi lọ́fun láti ọdún púpọ̀ wá. Sunday tó ń bọ̀ yìí, wọ́n tún fẹ́ kí n gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí tí mo fi ní kí n bi yín nìyẹn.

Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni bíi tèmi. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé wa láti Èkó wá sí Abuja, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ló kó àrùn gáírò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àrùn ni mo pè é. Gáírò jẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí èèyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tí á wá dúró sílẹ̀, tí á máa fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ darí rẹ̀ lókè. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa ní hẹlikópítà ni, nítorí abẹ̀bẹ̀ gígùn kan wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnnì iwájú kàn ń fa ọkọ̀ lọ ni, atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba abẹ́ abẹ̀bẹ̀ ló ń yí i, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí náà ló sì ń gbé ọkọ̀ dúró. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ ọn lókè, kì í já lulẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ á ṣì máa yí, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá mi ṣe káfíńtà ní Ìlọrin títí wọ́n fi kú, inú ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo rí abẹ̀bẹ̀ tí ọkọ mi gbẹ́, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo bi í bóyá orógùn ló ń gbẹ́. Ó bínú díẹ̀, ó ju igi náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí èmi ọmọ káfíńtà wá gbẹ́ ẹ. Mo sì gbẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń gbẹ́ gbogbo abẹ̀bẹ̀ ilé wa. Màá wá igi tó fúyẹ́, màá fá a títí á fi fẹ́lẹ́ létí, màá fi sáńpépà họ ọ́, màá wá fi okùn gbé e rọ̀ láàárín kí n lè mọ apá tó wúwo jù. Nígbà tó yá, mo ní mi ò lè máa gbẹ́ nǹkan kí ẹlòmíì máa gbádùn rẹ̀, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Hàà, mo fọ́ nǹkan! Ìwàǹwára mi ló ń fọ́ wọn. Èèyàn gbọ́dọ̀ gbé gáírò dojú kọ atẹ́gùn, kó dúró títí abẹ̀bẹ̀ á fi yí dáadáa tí á máa dún, kó tó fi í sílẹ̀ kó máa fò. Èmi, bó bá ti fẹ́ máa dún báyìí, mo ti fi í sílẹ̀ nìyẹn, á sì fi ẹ̀gbẹ́ lulẹ̀. Bàbá Tóbi ò bínú. Á wá dúró sẹ́yìn mi, á di ọwọ́ mi mú lórí rédíò, á ní, "Ìyá Tóbi, sùúrù. Gbọ́ ohùn rẹ̀ ná." A gbádùn ara wa nígbà yẹn, mi ò ní parọ́.

Pápá kan wà lọ́nà Kabusa tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Ibẹ̀ ni àwa díẹ̀ tó ń ṣe irú eré yìí ti máa ń pàdé ní Sunday lẹ́yìn ìsìn. Ohun kan wà tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Rédíò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Tí ẹni méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, tí ọkọ̀ ẹnì kan ti wà lókè, tí ẹnì kejì wá tan rédíò tiẹ̀, ọkọ̀ tó wà lókè á ya wèrè, kò ní mọ ẹni tó máa gbọ́ tiẹ̀. Nítorí náà la ṣe gbé pákó kan kọ́ sára igi máńgòrò, tí a há pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ mọ́ ọn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì tiẹ̀. Kí o tó tan rédíò, wàá lọ mú pẹ́ẹ̀gì rẹ, wàá há a mọ́ aṣọ láyà. Tí o ò bá bá a lórí pákó, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rédíò. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Hausa, ló ń ṣọ́ òfin náà. Á máa pariwo, "Kai! Who hold peg? No peg, no radio o!" Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ló fi rédíò àwa méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì ń lò. Nítorí náà, pẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ni àwa tọkọtaya ní, ó pupa. Nílé, a kì í rántí pẹ́ẹ̀gì, nítorí kò sí ọkọ̀ kankan lókè. Bàbá Tóbi á jókòó ní pálọ̀, á tan rédíò rẹ̀, á máa fi dán ọkọ̀ wò, èmi á máa se oúnjẹ. Àṣà ilé yẹn ló ṣe wá lọ́ṣẹ́.

Màmá wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, ọkọ mi nìkan ló yè. Mo rò pé wọ́n á bá mi jà pé mò ń ṣeré ọkùnrin. Rárá o! Nígbà tí a mú wọn dé pápá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo há pẹ́ẹ̀gì pupa mọ́ bùláòsì mi, mo sì gbé gáírò sókè. Màmá ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Ẹ wo ìyàwó mi! Ìyàwó mi ló ń wa bàálù!" Inú mi dùn jù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ọkọ mi pé, "Àjàní, tìẹ dà?" Ó dáhùn látẹ̀yìn mi pé, "Tèmi ń bọ̀, Màmá, ẹ dúró ná."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ darí rẹ̀ padà sápá ọ̀dọ̀ wa ni apá mi ò ká a mọ́. Mo fà á sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Ó gbọ̀n, ó dorí kodò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì kú, ó ń ké bó ṣe ń bọ̀. Mo kígbe, "Màmá, ẹ sá!" Àgbàlagbà wo ló fẹ́ sáré dìde lórí bẹ́ǹṣì? Abẹ̀bẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi fá létí ló gbá wọn lójú. Bí mo ṣe ń sáré lọ bá wọn, mo gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wa kọjá. Búùtù wà ní ṣíṣí, gáírò tuntun ọkọ mi wà níbẹ̀. Rédíò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, eríà ti nà síta tán, iná rẹ̀ ń tàn. Ó fẹ́ tètè gbé tiẹ̀ sókè fún Màmá ni, ló bá ṣe bíi pé pálọ̀ la wà. Ó rí i pé mo rí i. Ó pa rédíò náà, ó ti eríà wọlé, lẹ́yìn ìyẹn ló tó sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

Nínú mọ́tò, Màmá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, mo fi gèlè wọn di ojú wọn. Wọ́n ń bi í pé, "Àjàní, ta ló ń wà á?" Ọkọ mi ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyàwó yín ni, Màmá." Ṣé irọ́ ni? Kì í ṣe irọ́. Èmi ni mò ń wà á. Màmá gbé orí wọn kúrò lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n fi ti fèrèsé. Àwọn dókítà gbìyànjú, ojú náà lọ. Sójà bi gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnì kan tan rédíò. Ọkọ mi ní, "Pẹ́ẹ̀gì wà láyà ìyàwó mi." Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́.

Mò ń retí pé ó máa jẹ́wọ́ tí a bá délé. Ó jẹ́wọ́ lóòótọ́, fún èmi nìkan. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún, ó ní, "Ìyá Tóbi, jọ̀ọ́, èmi nìkan ni Màmá ní. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni, ó máa pa wọ́n. Ìwọ, wọ́n lè bínú sí ọ, kí wọ́n ṣì wà láàyè. Ọmọ ẹlòmíì ni ọ́." Ọmọ ẹlòmíì! Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé rẹ̀! Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn. Nígbà tí àbúrò Màmá kó àwọn ẹbí jọ, èmi ni mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gáírò mọ́ títí ayé. Mo gbà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù: nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, ọkọ mi padà sí pápá. Àwọn abẹ̀bẹ̀ tí mo gbẹ́ ló fi ń fò.

Ní báyìí, ojú kejì Màmá ti ń ṣú, ìyẹn la ṣe lọ mú wọn wá sílé wa ní Orozo, ní Abuja níbí. Wọn kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi. Tóbi ọmọ mi ló ń gbé e fún wọn, á ní òun lòun sè é. Àfi Sunday tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà ilé, tí wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, súnmọ́ mi. Mo ti dárí jì ọ́. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run." Ọkọ mi ṣe "Àmín" sókè ketekete. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ń dúpẹ́ fún? Màmá tún ní, "Kí ojú yìí tó lọ tán, ẹ mú mi padà lọ pápá yẹn. Ìwọ ni kó o wà á. Màá jókòó síbi tí mo jókòó sí, kí ẹ̀rù lè tán lára èmi àti ìwọ." Nígbà tí mo jókòó láti jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá pẹ́ẹ̀gì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi. Ọkọ mi ló gbé e síbẹ̀, ó sì ń jẹun tiẹ̀ lọ.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, mo gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Tí mi ò bá sọ ọ́, Màmá á kú pẹ̀lú ìdáríjì tí wọ́n fún ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n, ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n á sì máa ṣe àmín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sunday tó pé. Lójoojúmọ́ ló ń wù mí kí n mú pẹ́ẹ̀gì yẹn, kí n há a mọ́ ọkọ mi láyà lójú ìyá rẹ̀, kí n sì dákẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé pẹ̀lú ojú kan tó kù fún wọn yìí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tiẹ̀ rí i.