Bésìnì Tó Já Lára Ògiri

Ẹ̀yin ará, ẹ káàárọ̀. Ọlọ́run tí kò sọ ilé mi di ilé ẹkún, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ níhìn-ín. Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, ní kí n jẹ́ kí òun bá mi sọ ọ́. Mo ní rárá o, ẹnu tí mo fi gbàdúrà ni n ó fi dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n, àwọn ni wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, tí wọ́n wé gèlè aláwọ̀ ewé. Emùrè-Ilé ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣubú nínú oko kókó wọn, egungun itan wọn ṣẹ́. Nígbà tó jinná, a mú wọn wá sọ́dọ̀ wa níbí ní Ọ̀wọ̀, torí kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn nílé lọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ń wẹ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, mo ti wẹ ọkùnrin tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá kò gbà kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ àti òkú ni à ń wẹ̀, àwọn kò sì sí nínú méjèèjì. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá wẹ àwọn, kí a gbé àwọn padà sí Emùrè. Wọn kò fi ẹ̀rín sọ ọ́ o. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tún lọ dá gbé ilé yẹn, tí wọ́n sì tún ṣubú, wọ́n lè má dìde mọ́.

Bésìnì ìfọwọ́ kan wà tí ọkọ mi kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ dé àdúgbò wa. Òun ni Ìyá ń dì mú láti dúró, wọn a sì fi ọwọ́ kejì bomi sára. Bésìnì tí a ń fọ ọwọ́ àti eyín nínú rẹ̀, ta ló ṣe é pé kó gbé odindi ènìyàn? Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín àgbà.

Ilé alámọ̀ ni ilé wa, bí ọ̀pọ̀ nínú ilé yín. A fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, a kùn ún lọ́dà, a wá gbàgbé pé amọ̀ ló wà nínú. Ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ràn òòlù ju kálámù lọ, yọ ìṣó, ó fi èyí tó gùn jù ú lọ dípò. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó fi dí ihò. Ó fọwọ́ gbá a, ó ní ó ti le. Kò pẹ́ tí erùpẹ̀ tún ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo ń gbá erùpẹ̀, mo ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá mi yí ọkàn Ìyá padà, kí wọ́n jẹ́ kí n máa wẹ̀ wọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Ìyá wọ balùwẹ̀. Wọ́n ti gbé ọwọ́ lé bésìnì kí wọ́n tó rí i pé kànìnkànìn wọn kò sí níbẹ̀. Ìyá kì í gbàgbé kànìnkànìn, ẹ bi àwọn ọmọ mi. Wọ́n fi bésìnì ti ara wọn yí padà, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n jáde lọ mú un. Wọn kò tíì dé yàrá tí a fi gbọ́ gbàà. Bésìnì já, òun pẹ̀lú ègé sìmẹ́ǹtì ńlá, ó fọ́ yángá níbi tí ẹsẹ̀ wọn ìbá wà.

Mo sáré wọ balùwẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú omi tó ń tú jáde lára ògiri, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́. Ìyá dé ẹnu ọ̀nà tàwọn ti kànìnkànìn lọ́wọ́, wọ́n ń wo ihò ara ògiri. Wọ́n ní, "Ìyàwó, dìde. Ta ló kọ́ ọkọ rẹ pé kó gbé ẹrù kọ́ ojú ògiri láìsọ fún ẹ̀yìn ògiri?"

Wọ́n wá ṣàlàyé. Nílé bàbá wọn ní Emùrè, bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù wúwo kọ́ ara ògiri amọ̀, wọn kì í kan èèkàn sí ojú ògiri nìkan. Wọn a lu ògiri já, wọn a ti igi gba inú rẹ̀ bọ́ síta, wọn a sì fi igi mìíràn dábùú rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fà á nínú ilé, gbogbo ògiri ló ń fà.

Ọkọ mi mú òòlù. Ó lu ògiri já, ó fi pákó ìrókò sí inú àti ìta, ó ti bóòtù gígùn gbà á kọjá, ó fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Ó gbé bésìnì tuntun kọ́ ọ, ó sì fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin náà bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, kò mì. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ̀yin ará, mo ní kí Ọlọ́run yí ọkàn Ìyá padà. Ó fi ọkàn Ìyá sílẹ̀, Ó bá wa tún ògiri ṣe. Inú mi dùn pé Kò gbọ́ tèmi. Láàárọ̀ yìí, Ìyá tìlẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń kọrin, èmi nọ́ọ̀sì jókòó síta bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ àtipadà sí Emùrè mọ́, àfi pé kí a lọ bá wọn kó ìyókù aṣọ wọn wá.

Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, ẹ dìde ká jọ kọrin ọpẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fà wọ́n lápá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti di bẹ́ǹṣì iwájú mú, wọ́n ti ń dìde.