Káàdì Orúkọ Mẹ́sàn-án

Jókòó, Kip Hostetler, má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò! Àga yẹn gan-an lo fi jẹun odidi ọdún méjì nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ò rí yàrá fún ọ, òní lo wá di ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn wò. Bọ́ fìlà. Háà, ayé! Ẹ wo ọmọ tí mo fi ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran àti búrẹ́dì ṣúgà bọ́ títí ẹran fi kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ẹ wo ẹni tó wá já ọkọ mi kulẹ̀ lójú gbogbo ìpínlẹ̀! Má dá mi lóhùn. Mi ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan.

Ṣé o rí i láti ojú fèrèsé? Verlin ọkọ mi nìyẹn. Láti àárọ̀ ló ti ń fomi wọ́n pápá bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù tí kì í ṣe tiẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Nígbà tá a dé ìlú Tolliver yìí, oko àlìkámà tí wọ́n pa tì nibẹ̀ yẹn. Òun ló fi ọkọ̀ ẹrù wa kó amọ̀ pupa wá láti ẹ̀bá odò, òun ló fọwọ́ ṣa òkúta inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni kóòṣì, òun ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òun náà ló ń gé koríko. Èmi ni alágbàfọ̀. Aṣọ ọmọkùnrin márùndínlógójì, Kip, lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo! Ṣòkòtò tìẹ ló sì burú jù, torí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń sáré dé bẹ́ẹ̀sì, ibi àmì orí pápá, láìfi àyà wọ́lẹ̀.

Àwọn yunifásítì ńlá ránṣẹ́ sí i títí ó fi sú wọn. Kò lọ. Ó ní bí òun bá lọ, ta ló máa gba àwọn tí àwọn ńlá ò fẹ́? Ìwọ ńkọ́? Ta ló fẹ́ ọ nígbà yẹn, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí apá ẹ̀ ń dùn ún? Ọdún méjì péré ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. A ó bọ́ ọmọ kan, a ó tún apá ẹ̀ ṣe, màá máa bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí n tó mọ bó ṣe fẹ́ kí n dín ẹyin fún un, ó ti lọ, ẹlòmíì ti ń kórè. Ẹgbẹ̀rún eré lé mọ́kànlélógójì ni Verlin borí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló kó wọn lọ sí àṣekágbá gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló padà láìgbé ife. Ọdún yìí ló kù. Ọdún yìí nìkan! Ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bó bá borí yín ní Sátidé, ìwọ àti ẹgbẹ́ tí o wá di kóòṣì fún, à ń lọ lẹ́ẹ̀keje. Bí kò bá borí, ó tán. O mọ̀. Má sọ pé o ò mọ̀.

Olúwa mi o! Ìpele kẹsàn-án tó kẹ́yìn, ní Sátidé náà, ẹ fi ayò kan jù wá lọ, ẹnì kan péré nínú àwọn ọmọ wa ló kù kí wọ́n lé jáde kí gbogbo ẹ̀ parí, ọmọ wa méjì wà lórí bẹ́ẹ̀sì. Renny, ọmọ wa kan, gbé kóńdó, ó gbá bọ́ọ̀lù, gbàà! Egungun mi ló gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Àwọn méjì orí bẹ́ẹ̀sì sáré wọlé, ayò méjì. A ti borí! Àwọn ọmọ ti ń gun ara wọn lórí, mo ti da gúgúrú mi nù, mo ti dì mọ́ obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo wá bojú wo ẹ̀gbẹ́ yín, mo rí ọ. Ò ń rìn. O ò tiẹ̀ sáré! Ò ń rọra rìn lọ bá rẹfirí pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, bí ẹni tó ń lọ gba lẹ́tà ní pósítọ́fíìsì. O ní Renny kọ́ ló kàn. O ní nínú káàdì tí Kóòṣì Verlin Stroud fún yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n to orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tó ń gbá sí, Colby ni ẹni kẹfà, Renny ni ìkeje. Rẹfirí wo tiẹ̀, ó mirí. Wọ́n fagi lé ohun tí Renny gbá, wọ́n ní Colby ti jáde, Colby tí kò tiẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì! Eré parí.

Òfin ni, ẹni tí wọ́n fò lórí káàdì ló ń jáde. Mo mọ̀ pé òfin ni, má sọ ọ́ fún mi! Ohun tó ń pa mí náà nìyẹn. Ká ní o jalè ni, ǹ bá pariwo olè, ìlú á sì gbè mí. Ta ni mo fẹ́ pariwo lé lórí báyìí? Láti ìpele àkọ́kọ́ lo ti rí i, Kip! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Renny gbá ṣáájú Colby, a ò rí ayò kankan jẹ níbẹ̀, o káwọ́ gbera, o dákẹ́. Àbí mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ ni? Orí tábìlì yìí náà ni! Ìgò iyọ̀ lajùbọ́ọ̀lù, fọ́ọ̀kì mẹ́sàn-án làwọn tó ń gbá. Verlin á ní, "Bí wọ́n bá ṣi ara wọn tò, má sọ̀rọ̀, ọmọ. Jẹ́ kó dùn mọ́ wọn lẹ́nu ná." Èmi ni mò ń fọ abọ́ lẹ́yìn yín, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Mò ń rẹ́rìn-ín, Kip!

Ṣé o mọ ohun tó sọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá à ń padà bọ̀? A dé ibi àká ọkà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nadine, ọmọ yẹn gbọ́ ohun tí mo wí." Inú ẹ̀ dùn! Inú ọkọ mi dùn sí ọ! Ká ní o dákẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ bú ọ. Kí wá ni kí n ṣe fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n tiẹ̀ ní kí ìwọ ṣe?

Lọ sí káfé kó o lọ gbọ́. Merle, tó ń ta ajílẹ̀, tí kò mọ orúkọ ọmọ-ọmọ tiẹ̀, òun ló ń sọ pé Verlin ti gbó, pé kò mọ àwọn ọmọ ẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn náà gbé e. Ẹnu Verlin fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́: "Èmi ni mo kọ ọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò tíì mọ orúkọ mẹ́sàn-án tò."

Irọ́ ni. Gbójú sókè. O mọ̀ pé irọ́ ni. Ọdún méjì ni mo fi kọ orúkọ ẹ sára àpò oúnjẹ lárààárọ̀, o mọ ìkọ̀wé mi bí o ṣe mọ ohùn mi.

Ọwọ́ Verlin ń gbọ̀n, Kip. Ó ti lé lọ́dún kan. Kí lo rò pé ó jẹ́ kó fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ẹlòmíì, òun tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ẹ̀? Kò lè gbé ife kọfí dénu láìdà á sára. Kò fẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, nígbà tó jẹ́ pé ọdún kan péré ló kù. Nítorí náà, ó ń pe orúkọ, mò ń kọ ọ́. Ní Sátidé ó ní Renny, lẹ́yìn náà Colby. Mo gbọ́ ọ! Etí mi ò di! Ṣùgbọ́n eré mọ́kànlá gbáko ni mo ti ń kọ Colby síwájú, ọwọ́ mi bá gba ọ̀nà tó ti mọ̀. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni? Ìka mi ló ṣẹ̀, ti ọkọ mi ni wọ́n ń gé ní káfé lójoojúmọ́, mi ò sì lè lanu. Bíbélì ìyá mi ló fi mú mi búra. Bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní kí ló ṣe ọwọ́ tiẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, arúgbó tó ń ṣarán ló máa jẹ́ ní ìlú yìí títí a ó fi sin ín.

Kí lò ń wá lápò?

Háà. Káàdì yẹn! O ò fi han akọ̀ròyìn? O ò fi han àwọn ọmọ ẹ pàápàá? Gbé e síbẹ̀. Rárá, má gbé e síbẹ̀! Mú un wá kí n wò ó. Colby. Renny. Wò ó bó ṣe gún régé, bíi ti tíṣà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ìkọ̀wé mi ò tíì dára tó báyìí rí!

Verlin ti pa omi. Ó ń bọ̀. Gbà, tètè fi sápò, lọ sun ún nílé ẹ. Nu ojú ẹ! Ẹkún kọ́ ló kàn, ìwọ lò ń lọ sí àṣekágbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má sì bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní má bẹ̀ ẹ́! Ẹ̀bẹ̀ ló máa pa á. Ṣáà sọ fún un pé o gbọ́ ohun tó wí. Bó bá sì nawọ́ sí ọ, tètè gbá a mú, Kip ọmọ mi, fọwọ́ méjèèjì gbá a mú, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.