Àmín Tí Mo Ṣe sí Èpè

Ẹ̀yin ará nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó, ìtìjú ò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ wa ni. Mo gba àdúrà ọ̀sán tán, mo gbé orí lé ẹní, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹ mọ ohun tí mo ń fi fóònù náà ṣe. Láti ìgbà ìdìbò, kò sí ẹni tó mọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì bú bíi tèmi lórí fóònù, ẹ̀yin náà sì ń bá mi rẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́, ọmọ ìyá mi, ẹgbẹ́ kejì náà ló wà. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ tó ta ọgbọ́n orí rẹ̀ nítorí ìrẹsì, lójú gbogbo ọmọ ìlú wa. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa kọ àdúrà sórí fóònù pé kí gbogbo ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ kejì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ rẹ̀. Mo kọ “Àmín” sí i. Ẹ mọ̀ wá: ẹni tó bá gbọ́ àdúrà tí kò ṣe àmín, a ó ní ó ní nǹkan nínú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Àdùkẹ́ bí.

Nínú oorun yẹn, ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, “Dìde, wá wo àwọn ará rẹ.”

A dé etí ihò kan tó ń rùn bí awọ ewúrẹ́ tó ń jóná. Kí n má parọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo bi í pé, “Ṣé àwọn ẹgbẹ́ kejì ló wà níbẹ̀?”

Ó ní, “Wò ó dáadáa.”

Ẹgbẹ́ méjèèjì ni. Wọ́n kọjú síra lórí àga irin gbígbóná, fóònù ọwọ́ wọn pọ́n bí ẹyin iná, wọn ò sì lè jù ú sílẹ̀. Bí ìka bá tẹ èébú kan, á jó dé oríkèé, á tún hù, wọn á tún tẹ̀ ẹ́. Òkú kan gun ọkùnrin kan lẹ́yìn.

Mo ní, “Kí lèyí ṣe?”

“Ọkọ̀ ló pa òkú yẹn. Ọkùnrin yìí ló gbé àwòrán òkú náà kiri lórí fóònù, ó ní ẹgbẹ́ kejì ló pa á.”

Òkú náà ń bi í létí léraléra pé, “Ta ló pa mí?” Bó bá ti lanu láti dáhùn, òkú á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun dé ìgbọ̀nwọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ méjèèjì tí à ń tìtorí wọn bú ara wa jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ẹran ara wọn ni wọ́n ń gé jẹ, wọ́n sì ń bù ú fún ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo wá rí ọ̀pọ̀ àga tó ṣófo. Orúkọ mi wà lára ọ̀kan, ti Àdùkẹ́ wà lára èyí tó tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, mo ń fà á sẹ́yìn, ó ń lọ, mo di ẹ̀wù ọkùnrin náà mú, ẹ̀wù ń yọ́ lọ́wọ́ mi, iná ti mú irùngbọ̀n mi, mo ń kígbe pé Àmín lásán ni, gbogbo èèyàn ló ṣe é, Àmín lásán ni.

Ó ní, “Kò sí Àmín lásán.” Ó fà mí sókè.

Ní ibi tútù kan, mo rí ìyá wa tó ti kú. Òun àti aládùúgbò wa àtijọ́ jọ ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ kan. Bí wọ́n ti ń ṣe láyé náà nìyẹn: wọ́n á lọ dìbò fún ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á padà wá bó ẹ̀gúsí pọ̀. Ìyá mi bi mí pé, “Àbúrò rẹ dà?” Mo fi ọwọ́ bojú. Ó kọ ẹ̀yìn tó fi pọ̀n mí sí mi.

Ọkùnrin náà ní, “Padà. Ẹni tí o ṣépè fún nìkan ló lè gbé àga yẹn kúrò.”

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Mo pe Àdùkẹ́, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí Àmín yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ èpè tèmi sọ́dọ̀ àwọn tiwa. Mo dárúkọ ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, èmi tí mo wẹ̀ wọ́n ní ìkókó. Àádọ́rin èèyàn ló ṣe àmín.”

Àdùkẹ́ náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń bẹ̀rù yín láti wọlé. Ẹ sún fún un. Àwọn àga òfìfo yòókù ní orúkọ lára, mo sì mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n, wọ́n wà níbí. Ẹ yọ fóònù yín. Àlùfáà ìjọ wa fẹ́ ṣe oore-ọ̀fẹ́ tí a fi ń parí ìsìn. Ẹni tí kò bá tíì pe ẹni tó ṣépè fún, kó má bá wa ṣe àmín.