Igo Tó Ní Orúkọ Bọ́sẹ̀ Nídìí

Lẹ́nu Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọtí tí wọ́n ń pè ní sójù, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò há wa mọ́lé ní Erinje. Òun àti Tóyìn, ọmọ wa, ń wo fíìmù àwọn ará Kòríà lórí fóònù, ó wá ní òun fẹ́ tọ́ ohun tí wọ́n ń dà sínú ife kékeré yẹn wò. Ì bá má wù ú! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, inú òkùnkùn ni mo jókòó sí báyìí, Tóyìn ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi tí mo darúgbó kí n tó fúnra mi kọ́ ìwé kíkà!

Mo rí sójù náà rà ní Òkìtìpupa. Bọ́sẹ̀ tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Àwa tí a dàgbà sídìí ògógóró, kí ni ti ọtí tó ń dùn? Ó ní, "Bàbá Tóyìn, wọ́n ta omi ṣúgà fún yín." Síbẹ̀ kò jẹ́ kí n ju igo rẹ̀ nù. Kò pẹ́ tí ikú fi mú un lọ. Mo fi ìṣó họ orúkọ rẹ̀ sí ìdí igo aláwọ̀ ewé yẹn, mo sì ri ọrùn igo mọ́lẹ̀ níbi orí ibojì rẹ̀, kí orúkọ náà lè kọjú sókè. Àyè kò gbà mí tó, àwọn lẹ́tà ìkẹyìn gun ara wọn bí ọmọ ewúrẹ́.

Nígbà tí ọdún yípo, mo tún lọ sí Òkìtìpupa láti ra ọtí òkè òkun tí a ó fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ìyá tó ń tajà kó wáìnì, jíìnì àti sójù sílẹ̀ níwájú mi. Èmi kì í ra ohun tí n kò bá kà tán, nítorí náà mo ń yí igo kọ̀ọ̀kan padà. Ìyá náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni, tí ẹ fi ń wo ìdí ẹ̀ báyìí?" Mo yí sójù kan. Orúkọ Bọ́sẹ̀ ni, lẹ́tà tó gun ara wọn, erùpẹ̀ pupa sì há sí ojú ibi tí ìṣó ti họ. Igo náà kún, ìdérí rẹ̀ dì pinpin. Ooru mú nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣùgbọ́n igo náà tutù lọ́wọ́ mi bí amọ̀ odò. N kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Mo sanwó, mo gbé e mọ́ àyà lórí ọ̀kadà títí dé Erinje, mo ń bá a sọ̀rọ̀.

Tóyìn rí i, ó sáré lọ sí ibojì. Ihò nìkan ló bá níbẹ̀. Ó padà wá kúnlẹ̀ fún mi. "Bàbá, ẹni tó lè jí igo lórí òkú, kí lẹ rò pé ó rọ sínú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù."

Mo ní, "Ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́ sí mi." Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Èmi àti Kọ́lá, àbúrò mi, tí òun nìkan ṣẹ́ kù fún mi nínú àwọn tí ìyá wa bí, la jọ lọ sí ibojì náà. Mo kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀ fún Bọ́sẹ̀. Ilẹ̀ kò fà á mu. Ó dúró sínú ihò tí igo ti kúrò, ó ń dán, bí ojú tó ń wò mí. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, àbí? Mo gbé igo fún Kọ́lá. Ó mu ún dáadáa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín bínú o, èyí le." Mo mu ìyókù. Kò dùn rárá.

Lọ́jọ́ kejì Kọ́lá ní kùrukùru funfun bo ojú òun. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a láyé. Èmi náà rí kùrukùru yẹn, bí àárọ̀ ọyẹ́. Tèmi kò sì ká mọ́. Dókítà ní májèlé ni wọ́n rọ sínú igo náà.

Olè ló jí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igo tó wà ní Òkìtìpupa, ta ló fi èyí sí mi lọ́wọ́? Ṣé Bọ́sẹ̀ wá kí mi ni, àbí ṣe ló wá dí mi lọ́nà, tí n kò gbọ́? Igo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orúkọ yẹn nìkan ni mo ṣì lè kà, àtàǹpàkò ni mo fi ń kà á, ó sì ń tutù sí i lójoojúmọ́. Tóyìn ní kí n fọ́ ọ. Ṣé kí n fọ́ ọ ni, àbí kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbúrò kan. Ojú méjì.