Àmì Tí N Kò Fi Sórí Ọ̀rọ̀ Kan

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Adájọ́ kà á jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké, nítorí etí mi kò tíì di bí mo tilẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ọjọ́ náà n kò lè jókòó sójú kan. Mo ń rìn láti ara ògiri dé ara ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀. Wọ́dà obìnrin tó ń ṣọ́ mi ní, "Màmá, ẹ jókòó, ó máa rẹ̀ yín o." Mo ní kó bá mi wá bébà àti bírò. N kò fẹ́ fi bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe pa ènìyàn láìfọwọ́ kàn án, àti irú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi.

Olùkọ́ ni mí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Yaba. Ọmọ tó bá kọ "ọwọ́" nígbà tó fẹ́ kọ "ọ̀wọ̀" níwájú mi, ó kúnlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ipò ọ̀gá àgbà ṣí sílẹ̀, èmi ló kàn. Wọ́n gbé e fún Adémọ́lú, ẹni tí mo fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́. Níbi ìpàdé olùkọ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀, ẹnì kan bi í pé kí ló rí sí ọ̀rọ̀ tèmi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mọ ìwé," ó ní, "àfi pé wọ́n máa ń bínú."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rín yẹn délé, mo sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gba yàrá méjì ní Àgùdà. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní kí n máa bá àwọn kọ èrò mi nípa ìlú. Mo kọ ọ́. Mo bá telifíṣọ̀n wí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fi imú sọ̀rọ̀. Mo bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin oníṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà wí, àti àwọn ìyàwó ilé tó ń fi irun òyìnbó bo irun orí wọn. Àwọn ènìyàn ń kí mi lọ́nà. Ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà ló ń ṣèjọba, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ẹ̀rọ omi àdúgbò wa kò sì sun omi. Lọ́jọ́ tí mo kọ ìyẹn, Olóòtú ìwé ìròyìn náà fi bírò pupa fa ìlà sí i látòkè délẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá ti ọ́fíìsì wa pa ni?"

"Òótọ́ ni mo kọ."

"Mo mọ̀. Ẹ lọ kọ òótọ́ nípa ẹni tí kò níbọn."

Mo pè é ní ojo nínú ọkàn mi. Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí kò níbọn.

Adémọ́lú náà ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó fi í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ògiri ti dúró, ṣùgbọ́n ọdún kejì ń parí lọ, kò sí òrùlé. Mo kọ pé ọ̀lẹ ni akọ̀wé náà, pé àdúgbò tó bá fi ọ̀lẹ ṣe akọ̀wé, òjò ni yóò máa bá wọn kàwé. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ.

Mo wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí wọ́n ń tò ó fún títẹ̀. Àwọn lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n fi ń to àkọlé kò ní àmì ohùn lórí, wọn kò sì ní àmì kankan lábẹ́. OLE NI AKOWE ni mo rí. Olóòtú náà rí i.

"Màmá, báwo ni wọ́n ṣe máa kà á? Ọ̀lẹ ni àbí olè?"

Ó yẹ kí n ní kí wọ́n tò ó pé akọ̀wé náà kò ṣiṣẹ́. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ̀rín ọjọ́ ìpàdé yẹn ni mo ń gbọ́.

"Kí kálukú kà á bó bá ṣe mọ̀wé sí," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Màmá yìí, ẹ burú o!" Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀ nìyẹn. Lóòótọ́, ọ̀lẹ ló wà nínú àpilẹ̀kọ náà, ṣùgbọ́n ta ní ń ka inú? Àwọn ará Èkó a dúró níwájú ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, wọn a ka àkọlé, wọn a sì bá tiwọn lọ láìra nǹkan kan. Olè ni wọ́n kà. Ta ní máa dúró nítorí ọ̀lẹ? Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun ti fura sí Adémọ́lú tipẹ́ nítorí bàtà rẹ̀ máa ń dán jù. Olóòtú ní kí n kọ òmíràn. Mo kọ ọ́. N kò pe ẹnikẹ́ni lólè; ìbéèrè ni mo ń béèrè. Ìbéèrè ni ọ̀nà tí àwa tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn fi ń purọ́ láìlùfin.

Adémọ́lú wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́. Wọ́n ti yọ mí nípò akọ̀wé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n má gbé igbá ọrẹ mọ́. Ẹ ṣáà fi àmì sí i. Ọ̀lẹ ni ẹ kọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀lẹ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí olùkọ́ ni ọ́? Fi àmì sí i fúnra rẹ."

N kò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti mọra. Ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ ṣì ń bínú, Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì jáde.

Ó gba ilé ìtẹ̀wé ìwé ìròyìn wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń to lẹ́tà níbẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Ìyẹn bá a wá ojú ewé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, tòun ti àmì orí rẹ̀. Olóòtú ló wá sọ fún mi.

"Ó ní òun máa gbé e lọ fún ìwé ìròyìn mìíràn. Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ò mọ nǹkan kan."

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. N kò lọ́kọ, n kò bímọ. Orúkọ ni mo ní: obìnrin tó mọ Yorùbá kọ, tí kì í purọ́. Bí ojú ewé yẹn bá jáde, ìlú yóò mọ̀ pé mo mọ ohun tí mo ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì a ṣe kòńgẹ́ lẹ́bàá ọjà kan ní Mushin. Ó fa ìwé náà yọ lápò.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ìkọ̀wé yín rèé. Mi ò fẹ́ dójú tì yín. Ẹ kọ ìlà méjì péré, kí n má baà gbé e lọ."

Mo gbá ìwé náà mú. Kò jù ú sílẹ̀. A ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́, àgbàlagbà méjì, bí ọmọ iléèwé tó ń jà sí rúlà. Ó lágbára jù mí lọ. Mo bá lanu. Lórí bébà, ọ̀rọ̀ yẹn lè sá pamọ́ sí ibi méjì. Lẹ́nu ènìyàn, kò ríbi sá sí. Mo pè é bó ti yẹ kí wọ́n pè é: "Olè! Olè! Ẹ gbà mí o, olè!"

Ẹni tó bá mọ Mushin mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn igbe yẹn. Kí n tó mí, wọ́n ti yí i ká. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ dé, irin táyà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí ló jí?"

"Ó já nǹkan mi gbà."

"Olùkọ́ ni mí o!" Adémọ́lú ń kígbe. "Màmá yìí mọ̀ mí! Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn!"

Ọkùnrin onítáyà náà gbé ọwọ́ sókè, ariwo sì rọlẹ̀. Ó dúró. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dúró. Ó wò mí lójú.

"Màmá, ṣé ẹ mọ bàbá yìí?"

"N kò mọ̀ ọ́n rí," ni mo wí.

N kò ní kọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Mo dúró, mo wò ó títí ó fi parí. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, wọ́n bá ojú ewé náà ní ìkúùkù rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi lórí rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí adájọ́ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ ìdí tí mo fi kígbe.

Olóòtú mi gbé àwòrán mi sójú ewé àkọ́kọ́. AJE AGUDA ni wọ́n kọ sí i lórí, láìsí àmì, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ajé. Ìjọ tó gba igbá ọrẹ lọ́wọ́ Adémọ́lú ló kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀, mo gbọ́ pé orin náà dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá síbí. Kò kí mi. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ń bi mí bóyá olè ni bàbá àgbà. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ tán."

Mo ń kọ ọ́ tán. Adémọ́lú kì í ṣe olè. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé àṣẹ ìjọba tí kò jáde ni kò jẹ́ kí wọ́n kan òrùlé. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì ní ọ́fíìsì ìjọba, lórí bẹ́ńṣì, fáìlì lórí itan, láàárín àwọn tí wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Mo rí i kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ọwọ́ yín yá sí ìwé kíkọ, ẹ má rò pé inú bíbí ni mo ń kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ń bí mi sí Olóòtú tó ń jẹun nílé rẹ̀ báyìí. Ẹ bínú, ìlú yìí tó bí ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ru ìbínú tó tọ́ sí alágbára lọ dà lé ẹni tí kò lè dá a padà lórí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé nípa ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó níwájú rẹ̀, kí ẹ kà á sí i létí. Bí ẹ kò bá lè kà á parí, ẹ fà á ya.